Ọmọ kò bì mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àmọ́ inú rẹ̀ ò jẹ́ kó sinmi

Ìyá Fàtímọ́ láti Àjàṣẹ́-Ìpo ló béèrè níbí tí àwọn òbí ti ń kọ̀wé síra wọn, àwọn òbí mìíràn sì ti kọ èsì àti ìbéèrè tiwọn sí i:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Fàtímọ́ mi ti pé oṣù mẹ́sàn-án báyìí. Láti kékeré ló ti ń bi ọmú, kì í ṣe èyí tó ń ṣẹ́ wá sẹ́nu ọmọ tí a máa ń fi aṣọ nù o. Tirẹ̀ ń gba imú jáde, ó ń wọ ọ̀nà èémí, òtútù àyà ò sì jẹ́ ká kúrò ní wọ́ọ̀dù. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un n'Ílọrin. Wọ́n ní àwọn ti fi orí àpò oúnjẹ rẹ̀ wé ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun kí oúnjẹ má lè padà sókè. Lóòótọ́, kò bì mọ́. Àmọ́ tó bá jẹun tán, ikùn rẹ̀ á wú, á máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ bì, nǹkan kan ò ní jáde, omijé á máa dà lójú rẹ̀. Nígbà mìíràn á làágùn, àwọ̀ rẹ̀ á ṣì, á yàgbẹ́ gbuuru, á wá rọ jọ̀bọ̀tọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ìyá ọkọ mi ní ebi ni, kí n máa rọ ọ́ lẹ́kọ. Ọkọ mi ní iṣẹ́ abẹ ló ba ọmọ òun jẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

*

Má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wá aago ná.

Kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, ìgbà tó jẹ ẹ́ tán, ìgbà tí wàhálà dé, àti ohun tó jẹ. Ohun tí o kó pọ̀ sínú ìbéèrè kan yẹn, ó jọ pé àìsàn méjì ni, ó sì lè jẹ́ mẹ́ta. Àsìkò tí kálukú wọn ń dé ló ń tú wọn fó. Èyí tó bá dé nígbà tí oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu, tí ọmọ ń gbé e mì tí kò lọ, ọ̀fun ni ká wò. Èyí tó bá dé bó ṣe ń jẹun tán, tí ikùn ń wú, afẹ́fẹ́ ni. Òógùn, àwọ̀ ṣíṣì àti ìgbẹ́ gbuuru tó dé ní bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ, oúnjẹ ló ń sáré já sínú ìfun. Kí ara ọmọ máa rọ lẹ́yìn wákàtí 1 sí 3, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò kíá.

Mo ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé títí mo fi fẹ̀yìntì. Ohun tó ń kó bá àwọn òbí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ti ń fi èébì díwọ̀n àìsàn ọmọ láti ọ̀pọ̀ oṣù wá. Bí èébì bá ti dúró, wọ́n á ní ó parí, wọ́n á ṣe sàráà. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, pé ọmọ kò bì kò sọ pé ara rẹ̀ dá. Èébì ni ọmọ fi ń sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé inú òun kún, ọ̀nà yẹn ni wọ́n sì ti dí.

*

Ẹnìkan ní kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe gan-an, pé "Nissen" nìkan ló wà lórí ìwé tí wọ́n fi dá àwọn sílẹ̀ lọ́sibítù.

Orúkọ dókítà ni. Rudolf Nissen, ará Jámánì, Júù ni. Ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1933 nígbà tí Hitler gorí àlééfà, ó ṣiṣẹ́ ní Istanbul, ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kódà òun ló la ikùn Albert Einstein ní 1948. Ìlú Basel ní Switzerland ló wà nígbà tó kọ̀wé jáde nípa iṣẹ́ abẹ yìí ní 1956. Ìyẹn tó.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀: apá òkè àpò oúnjẹ, tó máa ń fẹ̀ láti gba oúnjẹ, ni wọ́n ń fà gba ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n á yí i ká, wọ́n á rán an, ó di ẹnu kèrègbè tí wọ́n fi okùn so. Àwọn dókítà mìíràn kì í yí i ká tán, wọ́n á yí i dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, kí ọmọ lè ráyè gùfẹ̀. Béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún tìrẹ, kí o sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́.

Oúnjẹ tó bá ti wọlé kò lè gòkè mọ́, afẹ́fẹ́ náà kò sì lè gòkè. Àyè tí àpò oúnjẹ fi ń fẹ̀ ti dín, nítorí ara rẹ̀ ni wọ́n lò. Wọn kò gé nǹkan kan kúrò, wọ́n wé e ni. Iṣan ìmọ̀lára tó ń darí bí àpò oúnjẹ ṣe ń tú ẹrù rẹ̀ sínú ìfun náà gba ibẹ̀ kọjá, ó sì lè fara gbá. Gbogbo ohun tí a máa sọ nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti ń wá.

*

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí afẹ́fẹ́, torí òun ló wọ́pọ̀ jù.

Ọmọ ń gbé afẹ́fẹ́ mì nígbà tó bá ń sunkún, nígbà tó bá ń fà mọ́ fídà tí ojú rẹ̀ tóbi jù tàbí tó kéré jù, nígbà tí òtútù bá dí i nímú tó ń fi ẹnu mí. Ọmọ mìíràn á gùfẹ̀, ó tán. Èyí tí wọ́n wé àpò oúnjẹ fún kò rí ibi gbé e gbà. Ikùn á le, tí o bá fi ìka ta á, á máa dún gbin-gbin. Èébì á máa gbé e, kò ní jáde. Ohun tí ẹ rí tí ẹ ń pè ní ebi nìyẹn: ọmọ ń ké, ó ń ki ọwọ́ bọ ẹnu, ìyá á tún gbé ọmú fún un, á gba díẹ̀ nítorí ó fẹ́ ìtùnú, ikùn á tún le sí i.

Àwọn kan ti kọ̀wé sókè níbí pé kí o máa gbé e lé èjìká kí o máa gbá a lẹ́yìn. Ó dára, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ má dúró di ìgbà tó bá jẹun tán. Dá oúnjẹ dúró láàárín, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, gbé e nàró, fún un láyè. Oúnjẹ kan kó gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30. Èyí tí ẹ ń fún un lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ pín in sí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Má jẹ́ kó sunkún títí kí o tó dá a lóhùn, nítorí afẹ́fẹ́ ni ẹkún yẹn ń rọ sí i nínú. Kò sí mínírà o, kódà kí ó jẹ́ ìdérí kan péré, mo mọ ohun tí àwọn bàbá máa ń ṣe.

Àwọn tí wọ́n fi rọ́bà sí ikùn ọmọ wọn nígbà iṣẹ́ abẹ ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lò. Ẹ yọ ọ̀pá tó wà nínú sírínjì ńlá kúrò, ẹ ki ẹnu sírínjì bọ rọ́bà, ẹ gbé e sókè ju ikùn ọmọ lọ, ẹ ṣí rọ́bà. Ẹ ó rí mílíkì tó máa gòkè wá nínú sírínjì, á máa hó kẹlẹkẹlẹ, afẹ́fẹ́ á máa bọ́, ojú ọmọ tó ti fún pọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹ má da mílíkì náà nù, ẹ jẹ́ kó rọra sàn padà. Mo rí ìyá kan láti Ìdòfìan tó ń sunkún nígbà tó rí i, ó ní látìgbà tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀, oúnjẹ nìkan lòun ń gba ibẹ̀ fún ọmọ, kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé nǹkan lè gba ibẹ̀ jáde.

Inú wíwú yìí máa ń dín kù fún ọ̀pọ̀ ọmọ bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, tí ojú ibi tí wọ́n rán bá ń rọ̀. Fún àwọn mìíràn, oṣù mélòó kan ni.

*

Màmá, ìyá ọkọ. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń bú wọn níbí, rírọ ni wọ́n fi tọ́ ẹ̀yin náà.

Ẹ mọ bí a ṣe ń rọ ọmọ. Ìyá àgbà á nà ẹsẹ̀, á dá ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, orí á lọ sílẹ̀ díẹ̀. Á fi àtẹ́lẹwọ́ òsì ṣe àwo lẹ́bàá ẹnu ọmọ, á da ẹ̀kọ sí i, ìka kan á ti imú pa díẹ̀. Ọmọ ò ní yàn ju kó gbé e mì kó tó lè mí. Gbogbo rẹ̀ kì í pẹ́, abọ́ á ti ṣófo, ikùn á yọ gẹ̀ngẹ̀, inú ìyá àgbà á dùn.

Èyí tó bá pọ̀ jù nínú ọmọ tí ara rẹ̀ dá, á bì í. Ibẹ̀ ni ààbò rẹ̀ wà, òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ti rọ fi yè é. Ọmọ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún kò ní ààbò yẹn mọ́. Ohun tó bá wọlé, ìsàlẹ̀ nìkan ló lè gbà. Rọ ẹ̀kọ ife kan sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àpò oúnjẹ tó ti kéré á nà títí á fi máa dùn ún, tàbí kó tú gbogbo rẹ̀ sínú ìfun lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì tún lè gba ọ̀nà èémí, nítorí ọmọ tó ń jà láti mí kò mọ èyí tó ń gbé mì. Ìwọ náà sọ pé òtútù àyà ló gbé yín dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Mo ti gbọ́ èsì Ìyá Sódíìkì tó ní òun rọ ọmọ òun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nǹkan kan ò ṣe é. Mo gbà. Irú iṣẹ́ abẹ wo ni? Ó ti dáhùn pé kókó ìdodo ni. Ikùn ni méjèèjì, àmọ́ wọn ò sún mọ́ra.

*

Bàbá Kẹ́hìndé kọ̀wé pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Kẹ́hìndé tiwọn nítorí èébì nígbà tó wà lọ́mọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún, pé ọmọ jẹun lọ́jọ́ kejì, kò sì sí wàhálà afẹ́fẹ́ kankan, kí ló dé tí ti Fàtímọ́ ń falẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo ara sọ pé iṣẹ́ abẹ mìíràn ni wọ́n ṣe fún yín. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, tó bá jẹ́ ọkùnrin pàápàá, tó ń tu ọmú jáde pẹ̀lú agbára tí á fò kọjá itan ìyá rẹ̀, tí ebi tún ń pa á lójú ẹsẹ̀, ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ àpò oúnjẹ rẹ̀ ló ki jù, tí oúnjẹ ò rí ibi wọ ìfun. Wọ́n á là á díẹ̀, ó tán. Ramstedt ará Jámánì ló fi ọ̀nà yẹn lélẹ̀ ní 1912, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń jẹun padà láàárín ọjọ́ kan. Ti òkè ni ti Fàtímọ́, ti ìsàlẹ̀ ni tiyín. Tiyín, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ti Fàtímọ́, wọ́n ti í.

Mo dúró lórí èyí nítorí àwọn ẹbí máa ń fi ọmọ wéra: "ti lágbájá ò rí báyìí." Ẹ béèrè orúkọ iṣẹ́ abẹ ná.

*

Gúlúkóòsì. Mo mọ̀ pé ó máa dé.

Èèyàn mẹ́ta ló ti ní kí Ìyá Fàtímọ́ máa po gúlúkóòsì fún ọmọ nígbà tí ara rẹ̀ bá ti ń rọ. Wọ́n jàre níbì kan, wọ́n jẹ̀bi níbi tó pọ̀.

Nígbà tí oúnjẹ bá ń sáré jáde nínú àpò oúnjẹ, tó sì jẹ́ èyí tó dùn bí oyin, ṣúgà á ya lu ìfun lẹ́ẹ̀kan. Ìfun á fa omi inú ẹ̀jẹ̀ wá láti là á: ọmọ á làágùn, àwọ̀ á ṣì, àyà á máa lù kìkì, ìgbẹ́ á dà gbuuru. Ìpele kìíní nìyẹn, èyí tó ń tètè dé. Lẹ́yìn náà, ara á rí ṣúgà púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á tú èròjà tó ń mú ṣúgà wálẹ̀ síta, á sì tú u jù. Ní wákàtí 1 sí 3, ṣúgà á ti já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ á làágùn lẹ́ẹ̀kejì, á gbọ̀n, á sùn oorun tí kì í ṣe oorun, gìrì tiẹ̀ lè mú un.

Nítorí náà, tó bá ti ń rọ tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gún ìka fi hàn pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀, bí àpẹẹrẹ tó bá ti wà nísàlẹ̀ 54 lórí ẹ̀rọ tó ń ka mg/dL, ohun dídùn díẹ̀ nílé ló máa gbà á là, lẹ́yìn náà oúnjẹ gidi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa lọ sọ́sibítù. Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ, tí ọmọ sì ń rọ, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ẹ má dúró. Tó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lọ́fun. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ fi omi kán ṣúgà díẹ̀ kó rin, ẹ fi í sábẹ́ ahọ́n rẹ̀, ẹ gbé e máa lọ. Àmọ́ kí ẹ wá sọ gúlúkóòsì di omi mímu ojoojúmọ́ "kó lè lágbára", òun gan-an ló ń fa ìjàm̀bá tí ẹ ń fi í wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ tí wọ́n da ṣúgà sí títí ó fi fà. Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ọmọ ti rù, wọ́n fẹ́ kó sanra kíákíá, wọ́n ń fi ṣúgà lé e lára.

Ohun tó ń mú oúnjẹ falẹ̀ nínú àpò oúnjẹ ni kí ẹ wá: ọ̀rá díẹ̀ àti ohun tó ń kọ́ ara, bí ẹ̀wà tí wọ́n bó eèpo rẹ̀ tí wọ́n sè kúnnákúnná, ẹyin, ẹja tí wọ́n lọ̀, òróró ṣíbí kékeré kan nínú ẹ̀kọ. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lè jẹ gbogbo ìyẹn. Kí ó wà lórí ìjókòó, kí ẹ̀kọ má ṣàn jù, kí omi má bá oúnjẹ rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ìyẹn ò bá tó, dókítà ní ohun tó kù tó lè ṣe, ó lè ní kí rọ́bà máa kán oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo òru.

*

Ìbéèrè láti Òmù-Àrán: "Mo gbọ́ pé àgbàdo tí wọn ò sè ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ lókè òkun. Ṣé kí n po ògì tútù fún ọmọ?"

Rárá. Ẹ jọ̀ọ́, rárá.

Òótọ́ ló wà nídìí ohun tí o gbọ́. Ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọn ò sè máa ń falẹ̀ nínú ìfun, á máa tú ṣúgà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, àwọn dókítà sì ń lò ó fún irú àwọn ọmọ báyìí. Ìyẹ̀fun gbígbẹ tó mọ́, tí wọ́n wọ̀n fún un gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ara rẹ̀, ni wọ́n ń lò. Ògì wa rí omi kànga, rí àpò, rí ọwọ́, ó sì ti kan fún ọjọ́ mélòó kan. Kòkòrò inú rẹ̀ tí iná máa ń pa, o fẹ́ fún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ikùn rẹ̀. Èkejì, ọmọ tó kéré kò tíì ní èròjà tó tó nínú ìfun láti fọ́ ìyẹ̀fun tútù, á kàn fi wú u sí i ni. Tí o bá sì sè ògì náà, agbára fífalẹ̀ yẹn ti lọ, ó ti di ẹ̀kọ. Dókítà ni kó sọ bóyá, ìgbà wo, àti mélòó. (Ògì ọjà wa kò burú fún ẹ̀kọ sísè o, kí àwọn ìyá ológì má bá mi jà.)

*

Ó yá, ọkọ. Ẹ ní iṣẹ́ abẹ ló ba ọmọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin níbí ti gbè yín lẹ́sẹ̀, mo sì ti ka gbogbo rẹ̀.

Apá kan nínú ọ̀rọ̀ yín kò ṣeé gbé jùnù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń bi ọmú, ó sì ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan tàbí ọdún kan àbọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń jókòó, tí wọ́n ń rìn, tí oúnjẹ wọn sì ti ń ki. Ọmọ tó ń bì tó sì ń sanra, tó ń rẹ́rìn-ín, aṣọ ìnuwọ́ ló nílò, kò nílò ọ̀bẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ la irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ìdí, ẹ lọ gbọ́ ẹnu dókítà mìíràn.

Fàtímọ́ kì í ṣe irú ọmọ yẹn. Wàrà ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Òtútù àyà ń padà wá. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún, àti àwọn tó ń dá èémí dúró nígbà tí wàrà bá gòkè, àwọn tí wọ́n bí láìsí ọ̀nà ọ̀fun tó já geere tí wọ́n ti tún ṣe, àwọn tí apá àpò oúnjẹ wọn gun òkè wọ inú àyà. Inú wíwú àti òógùn tó ń rí báyìí, ohun tí iṣẹ́ abẹ mú wá ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló ní ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń rọlẹ̀. Wàrà inú ẹ̀dọ̀fóró lè pa ọmọ lóru ọjọ́ kan. Ìyẹn ni ohun tí ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀. Tí wọn ò bá ṣàlàyé èyí fún yín kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ̀tọ́ yín ni láti bínú, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ bínú sí.

*

Ìyá kan láti Ọ̀fà kọ̀wé sí mi. Ọmọ rẹ̀ kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, ó tún ní ibà pọ́njú, ó ti pé ọdún kan, ọrùn rẹ̀ ò dúró. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kan náà fún un, wọ́n fi rọ́bà sí ikùn. Ṣùgbọ́n kò síye ìgbà tí èébì ń gbé ọmọ yìí lójúmọ́, kódà nígbà tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀.

Mo mú un wá síbí nítorí irú wọn pọ̀ láàárín wa, àwọn ìyá wọn kì í sì í sọ̀rọ̀. Ọpọlọ tó ti fara pa a máa pàṣẹ fún inú láti bì láìnídìí. Iṣẹ́ abẹ dí ẹnu ọ̀nà, kò dí ẹnu ọpọlọ. Ọmọ á máa ru bí ẹni tó fẹ́ bì, agbára yẹn á máa fa ibi tí wọ́n rán, ó lè tú, ó sì lè gòkè wọ inú àyà. Tí èébì bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí kò jáde, ẹ má ṣe rò pé èyí dára torí ó ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ lọ kí wọ́n fi oògùn funfun ya fọ́tò inú rẹ̀ wò. Láàárín ìgbà yẹn, jíjẹ díẹ̀díẹ̀, ṣíṣí rọ́bà fún afẹ́fẹ́, àti oúnjẹ tí rọ́bà ń kán fún wákàtí púpọ̀ máa ń mú un rọlẹ̀. Oògùn wà pẹ̀lú tí dókítà lè kọ.

*

Ní ti àgbo, omi ìgò tí wọ́n ń tà fún inú rírun ọmọdé, àti omi wàláà.

Omi wàláà: àdúà ni, kí àfáà ṣe é, kí ẹ fi pa ọmọ lára. Mi ò fẹ́ kó mu yíǹkì. Àgbo: èyí tó ń "fọ inú" léwu jù lọ fún un, ìfun tí oúnjẹ ti ń sáré gbà tẹ́lẹ̀, ẹ tún fẹ́ lé e. Omi ìgò inú rírun: wo ara ìgò, ọ̀pọ̀ ní ṣúgà, kò sì sí èyí tó máa ṣí ohun tí wọ́n fi okùn abẹ rán. Mo ti dáhùn.

*

Èyí ni kí ẹ fi sára ògiri, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Ìgbàjà, Ọ̀rọ̀, Òmù-Àrán, tí ọ̀nà yín jìn.

Ikùn tó le tí kò rọ̀, tí ọmọ sì ń ru láìbì. Omi aláwọ̀ ewé tó gba ẹnu tàbí rọ́bà jáde. Àìyàgbẹ́, àìsó. Ẹkún tó ń wá tó ń lọ, tí ó ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ àyà. Ọmọ tó ti la ikùn rí, ìfun rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ojú àpá, kó wé, kó dí. Ọmọ mìíràn á bì, ẹ ó mọ̀. Èyí kò lè bì, á kàn máa wú ni, àpò oúnjẹ sì lè bẹ́. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ má kọ́kọ́ yà sí kẹ́míìsì. Ọsibítù tó ní dókítà iṣẹ́ abẹ ni. Tó bá jẹ́ UITH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, lẹ ń lọ láti ọ̀nà Àjàṣẹ́, ẹ rántí pé ẹ máa la Ìlọrin kọjá kí ẹ tó bọ́ sí ọ̀nà Òkè-Òyì, nítorí náà ẹ ti ní nọ́ńbà awakọ̀ kan tó ń gbé e lóru.

Ẹ mú ìwé ìdásílẹ̀ dání, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún ẹni tó bá gbà yín jẹ́: "Wọ́n ti wé àpò oúnjẹ rẹ̀, kò lè bì." Wọ́n á fẹ́ ti rọ́bà gba imú rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń tì í mọ̀ pé wọ́n rán nǹkan sí ọ̀nà.

*

Ìyá Fàtímọ́ ti padà wá. Ó kọ aago sílẹ̀ bí mo ṣe ní. Ó ní inú wíwú ń dé bó ṣe ń jẹun tán ní gbogbo ìgbà, àmọ́ òógùn àti ìgbẹ́ gbuuru kì í dé àfi òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá jẹ ẹ̀kọ oníṣúgà lọ́wọ́ Màmá. Ní ọ̀sán tó bá jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́ òun, kò sí. Wọ́n mú un lọ sí kílíníìkì, wọ́n fún un ní oúnjẹ níbẹ̀, wọ́n ń gún ìka rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, ṣúgà gòkè fíìì, ó sì já wálẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì. Wọ́n ti yí oúnjẹ rẹ̀ padà. Ó ní ọkọ òun wà níbẹ̀, ó rí nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀, kò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi dé Gánmọ̀.

O béèrè bí o ṣe máa sọ fún Màmá. Má sọ fún wọn. Tí ẹ bá ń padà lọ sí kílíníìkì, mú wọn dání, fi wọ́n jókòó síwájú dókítà, jẹ́ kí dókítà fi ọ̀wọ̀ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi ṣíbí fún ọmọ-ọmọ wọn lóúnjẹ. Iṣẹ́ ni kí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n má kàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá àgbà tó bá ti mọ̀ pé òun ló ń ka aago, kò sí ọmọ tó máa jẹun ṣáájú àkókò nílé yẹn.

O tún ní ìgbẹ́ rẹ̀ ń dúdú bí èédú. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà kì í ṣe ohun tí a ń bi ara wa léèrè níbí o, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Tó bá jẹ́ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kọ fún un ló ń sọ ọ́ dúdú, dókítà á mọ̀. Mú Pampers náà lọ hàn wọ́n lónìí.

*

Ẹni tó béèrè nípa oògùn olómi: bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó dùn ní ṣúgà tàbí ohun tó jọ ṣúgà nínú, òmíràn nínú wọn sì ń mú kí ìgbẹ́ dà. Má dá oògùn tí wọ́n kọ fún ọmọ dúró. Mú ìgò náà lọ bá ẹni tó ń ta oògùn tó gba ìwé ẹ̀rí, béèrè bóyá irú rẹ̀ tí kò ní ṣúgà wà, tàbí oníhóró tí wọ́n lè fọ́. Tí kò bá sí, fún un lẹ́yìn oúnjẹ díẹ̀, kì í ṣe nígbà tí inú rẹ̀ ṣófo.